Májókòó àti Gítà Tó Ń Kùn

Ẹni tó bá fẹ́ rí Májókòó lórí ìjókòó, kó yáa lọ wo fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀. Nínú fọ́tò yẹn nìkan ni ìdí rẹ̀ ti kan àga dáadáa, ìyàwó rẹ̀ ló sì dì í mú lápá. Kì í ṣe pé ara rẹ̀ kò le o. Ara rẹ̀ ló yá jù. Bó bá ń jẹun, á dìde lọ yọjú lójú fèrèsé kó tó padà wá bu òkèlè tó kàn. Bó bá ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, á máa rìn yí pálọ̀ ká, títí ìyàwó rẹ̀ á fi ní, "Bàbá ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, òòyì ti ń kọ́ mi." Àwọn ará àdúgbò ló sọ ọ́ ní Májókòó, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn débi pé àwọn tó ń gbé iṣẹ́ fún un kò mọ òmíràn.

Iṣẹ́ iná ló kọ́. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa, òun náà ló sì fi ń bọ́ ilé. Ṣùgbọ́n ó ti ya fọ́tò rí, ó ti tún fóònù ṣe rí, ó ti sin adìẹ rí lẹ́yìnkùlé, kò sì sí èyí tó ṣe débi tó lórúkọ nínú gbogbo rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá ti kù díẹ̀ kó parí, á rí nǹkan kan tó yẹ kó yí padà, á tú u palẹ̀, á tún un tò, á tún tú u. Ilé adìẹ yẹn, ó tò ó títí àwọn adìẹ fi lọ ń sùn lórí ògiri aládùúgbò. Ìwà burúkú kọ́ ni o. Ojú rẹ̀ àti etí rẹ̀ ni kì í gbà pé nǹkan ti tó.

Nínú gbogbo ohun tó gbé dání, orin nìkan ni kò tíì sọ kalẹ̀. Irú orin wo? Ẹ má ro ti orin tí ènìyàn ń gbọ́ kí oorun lè kùn ún. Hẹ́fì mẹ́tà ni, orin onígítà líle tó ń ké bí ayùn tó ń la pákó, tí ìlù rẹ̀ ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé, tí akọrin rẹ̀ kì í kọrin rárá, bíbú ló ń bú ramúramù. Àwọn tó ń ṣe orin yìí a máa gba ohùn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, gítà lọ́tọ̀, ìlù lọ́tọ̀, ohùn ẹnu lọ́tọ̀, wọ́n á wá kó gbogbo rẹ̀ wá fún ẹni tó máa pò ó pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ ẹni tó ń po orin ni kó rí i pé ohùn kan kò gun òmíràn lórí, kí ìlù ní àyè tirẹ̀, kí gítà ní tirẹ̀, kí akọrin sì rí ibi gbé ẹnu sí. Iṣẹ́ yìí bá Májókòó lára mu, torí kò sí bọ́tìnnì tí kò ṣeé yí níbẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ náà sì nìyẹn.

Yàrá kejì nínú ilé wọn ló sọ di sítúdíò. Ó gé fóòmù bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ mọ́ ara ògiri, ó ta kúbùsù nípọn sójú fèrèsé, ó gbé sípíkà méjì ka orí búlọ́ọ̀kù, ó sì gbé kọ̀ǹpútà kan tó ń mí hẹ́lẹ́hẹ́lẹ́ sáàárín wọn. Àga kan wà níbẹ̀ tó ń yí po. Àga náà ti gbó lápá, ṣùgbọ́n ìjókòó rẹ̀ ṣì tuntun.

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Etí tábìlì oúnjẹ ní pálọ̀ ni máṣíìnì rẹ̀ wà. Bí oúnjẹ bá délẹ̀, aṣọ á kó kúrò. Bí aṣọ bá délẹ̀, àwo á kó kúrò. Oníbàárà kan rí hóró ìrẹsì nínú àpò kóòtù tuntun rí, ó sì béèrè bóyá ẹ̀bùn ni. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kíṣìnnì ni àwọn obìnrin ti ń bọ́ra wọn aṣọ wò, kíṣìnnì tí kò gba ẹni méjì. Obìnrin náà fara dà á, ó fara dà á, títí ó fi sú u. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ ẹgbẹ́ olórin kan, ẹgbẹ́ Ọ̀fun, wọlé, ó ní kí ọkọ òun jókòó kí òun bá a sọ̀rọ̀. Ọkọ dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ jẹ́ ká ṣàdéhùn," ni ìyàwó wí. "Bí àwọn wọ̀nyí bá gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ yín, tí wọ́n ní ó dára, yàrá di tiyín. Ẹ ò ní í gbọ́ ọ lẹ́nu mi mọ́ láyé. Àmọ́ bí wọ́n bá tún gbé e lọ fún ẹlòmíràn bí àwọn tó kù ti ń ṣe, ẹ kó sípíkà yín jáde, kí n gbé máṣíìnì mi wọlé."

"Mo gbà," ni Májókòó dáhùn, kíá bí ẹni tí wọ́n fún ní omi mu. Ìgbà tó wọ yàrá tán, tó ti ilẹ̀kùn, ni ẹ̀rù tó wá bà á. Ó wo ògiri yàrá náà yí ká. Kò sí ohun mìíràn láyé yìí tó jẹ́ tirẹ̀ bí ibẹ̀.

Ọ̀fun tí à ń wí yìí ni olórí ẹgbẹ́ olórin náà, òun ló ń bú ramúramù. Ọkùnrin gìrìwò ni, àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Ẹni tó ń ta gítà fún wọn ni obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́, torí bó bá ń sọ̀rọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bẹ atẹ́gùn kó máà bínú. Ẹ jẹ́ kó gbé gítà ná! Gbogbo ohun tó ta nínú orin náà, ẹ̀ẹ̀mejì ló ta á, kí wọ́n lè fi ọ̀kan sí etí òsì, kí wọ́n fi ìkejì sí etí ọ̀tún. Ọwọ́ kan náà ni, àmọ́ bó ti wù kí ọwọ́ mọ̀ ọ́n tó, tàkọ́kọ́ àti tìkejì kì í ṣe ọgbọọgba tán. Ìyàtọ̀ tíntìntín yẹn ló máa ń jẹ́ kí gítà fẹ̀, kí ẹni tó ń gbọ́ ọ rò pé òun wà láàárín rẹ̀.

Májókòó po orin náà dáadáa, ó fi ránṣẹ́. Ó ń retí ìyìn. Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀fun ti bú títí ohùn rẹ̀ fi lọ pátápátá. Dókítà ní kó pa ẹnu mọ́ fún odindi oṣù kan, kó má tilẹ̀ sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ọ̀fun gbọ́ràn sí dókítà lẹ́nu nínú ohun gbogbo, àyàfi ti kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Kò sì lè tẹ àtẹ̀jíṣẹ́, ó ní ìka òun tóbi ju lẹ́tà orí fóònù lọ. Nítorí náà, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló sọ ọ́ sínú fóònù, ló fi ránṣẹ́:

"Oga, gita yen ko kun to. E je ko kun daadaa."

Bó ṣe jáde nìyẹn, láìlókè, láìnísàlẹ̀, bí èémí ẹni tó ń fẹ́ iná. Kò sí dò níbẹ̀, kò sí mí. Májókòó gbé fóònù sétí, ó tún un gbọ́.

"Kò kùn tó?" ló ń bi ara rẹ̀. "Gítà yìí? Kò kùn tó?"

Àmọ́ orin líle ni, ta ni òun tí òun á fi jiyàn? Bọ́tìnnì kan wà nínú kọ̀ǹpútà tó ń mú gítà kùn. Bí ènìyàn bá yí i lọ sókè, ohùn gítà á máa gbó, á máa họ, bí ajá tó rí àlejò. Májókòó yí i lọ sókè. Gítà kùn. Ó fi ránṣẹ́.

Kò pẹ́ tí èsì fi dé. "Ah ah! O tun wa buru si. Ko kun rara. Mo ni e je ko kun!"

"Ọkùnrin yìí fẹ́ jẹ́ kí gítà gé ènìyàn jẹ ni," ni Májókòó wí. Ó tún yí i sókè. Láti ọjọ́ yẹn ni ara kò ti rọ̀ ọ́ mọ́. Á dìde, á jókòó, á dìde. Á lọ síta lọ gbọ́ ọ láti ojú ọ̀nà, á sáré padà wá yí bọ́tìnnì, á tún jáde. Ó gbọ́ ọ nínú sípíkà, ó gbọ́ ọ nínú fóònù, ó kó o sínú rédíò ọkọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ó ní kí ìyẹn wà á yí àdúgbò ká. Ọ̀rẹ́ náà wà á yí ẹ̀ẹ̀kan, ó ní inú ń run òun. Májókòó pe Jẹ́jẹ́ lórí fóònù, ó ní kó gba òun nímọ̀ràn. Jẹ́jẹ́ ní, "Ẹ má bínú o, ẹ jọ̀ọ́, ohun tí Ọ̀fun bá ti sọ náà ni kẹ́ ẹ ṣe," ló bá gé fóònù.

Ìyá àgbàlagbà kan ń gbé ìsàlẹ̀ wọn, Màmá Ìsàlẹ̀ ni gbogbo ilé ń pè é. Sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bàjẹ́, Májókòó sọ̀ kalẹ̀ lọ tún un ṣe. Ó tú u, ó tún un dì, ó tún tú u.

"Ọmọ mi," ni màmá náà wí, "ṣé agbọ́n ló wọ ilé yín lókè ni? Àtàná ni nǹkan kan ti ń kùn yùn-ùn ṣáá lórí àjà mi."

Ojú Májókòó tàn. "Màmá, ẹ gbọ́ ọ? Ó ń kùn?"

"Ó ń kùn kẹ̀! Eyín mi tó kù ń gbọ̀n."

"Ẹ ṣeun, Mà. Ẹ ṣeun gan-an."

Màmá Ìsàlẹ̀ wò ó títí. "Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan náà, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ìwọ, kí lò ń fà yọ?"

 Májókòó ti ń gun àtẹ̀gùn lọ, ó sì gbàgbé sukudiráfà rẹ̀ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì màmá.

Lọ́jọ́ kejì ni Ọ̀fun ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ fúnra òun. Èyí yé Májókòó dáadáa, kò gba ohùn òkè ohùn ìsàlẹ̀: "Mo n bo lola. Ti ko ba kun, a maa gbe e lo fun elomiran ni." Ìyàwó náà gbọ́ ọ, torí pálọ̀ ni ọkọ rẹ̀ ti tẹ fóònù náà kó sọ̀rọ̀.  Ní òwúrọ̀, Májókòó jáde láti ilé ìwẹ̀, ó bá obìnrin náà nínú sítúdíò, tó ń fi téèpù ìwọn aṣọ wọn ògiri láti igun dé igun.

"Kí lò ń wọ̀n?"

"Mo kàn ń wò ó ni," ni ìyàwó wí, ó sì ká téèpù mọ́wọ́ kíá.

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Májókòó wọra. Ó ṣe é bíi pé wọ́n wá ń wọn sàréè òun lójú òun. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀, ó yí bọ́tìnnì náà títí kò fi sí ibi tó ń yí sí mọ́.

Ọ̀sán ni Ọ̀fun dé, ó fi síkáàfù wé ọrùn bí ọmọ tuntun. Ìyàwó gbé jọ́ọ̀gì omi àti kọ́ọ̀bù wá fún un, ó kí i káàbọ̀, ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ta ni kò ní í dúró? Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ náà ni. Ọ̀fun mu omi dé ìdajì, ó gbé e kalẹ̀, ó ní kí wọ́n tan orin. Májókòó tàn án. Kì í ṣe gítà ló jáde. Ariwo kan ṣáá ni, pẹrẹsẹ, bí ẹni da òkúta sínú páànù. Ìka Jẹ́jẹ́ kò yàtọ̀ síra mọ́. Òsì àti ọ̀tún ti dà pọ̀ di ẹyọ kan, ìlù ń ti ìsàlẹ̀ kígbe pé ẹ gbà mí.

Ọ̀fun fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Ó mi orí. "Ko kun," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Oga, ko kun."

Inú bí Májókòó. Ó fò dìde. "Ọ̀gá, ẹ̀rù Ọlọ́run ò bà yín ni? Ó ń kùn! Màmá Ìsàlẹ̀ gbọ́ ọ, eyín wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ re! Bó bá tún kùn ju báyìí lọ, ilé á wó lé wa lórí!"

Ọ̀fun lanu, ó ń wò ó. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ohùn kò jáde. Ó tọ́ka sí sípíkà, ó tọ́ka sí etí, ó ju ọwọ́ sílẹ̀. Lójijì ló fa jọ́ọ̀gì mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da omi sínú kọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ń dà á. Omi dé ẹnu kọ́ọ̀bù, kò dúró. Omi ṣàn sórí tábìlì, ó dorí kọ lọ sọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà.

"Omi! Ọ̀gá, omi! Ó ti kún!" ni Májókòó kígbe, ó bọ́ ẹ̀wù ọrùn rẹ̀, ó fi ń nu tábìlì.

Ọ̀fun gbé jọ́ọ̀gì kalẹ̀. Ó na ìka sí kọ́ọ̀bù, ó na ìka sí sípíkà. Ó tún na ìka sí kọ́ọ̀bù.

Ẹ̀wù bọ́ lọ́wọ́ Májókòó. "Kún," ló wí. "Háà! Kún! Kún lẹ ń wí látijọ́ yìí! Ẹ ò sọ pé kó kùn!"

Ọ̀fun gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ẹ̀wọ̀n. Ẹ̀rín pa wọ́n, ẹ̀rín tí kò ní ohùn lára Ọ̀fun, èjìká rẹ̀ ló kàn ń mì. Ìyàwó náà rẹ́rìn-ín débi tó fi di férémù ilẹ̀kùn mú. Àgbọ́ìgbọ́tán ló ń dá ìjà sílẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó gbọ́ tán tí kò gbọ́ ohùn ńkọ́?

Májókòó jókòó. Ó fi ọwọ́ kan bọ́tìnnì náà, ó ń yí i bọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bó ti ń lọ sílẹ̀ ni gítà ń tóbi. Ìka Jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òsì kúrò lára ọ̀tún, ìlù rí àyè mí, àárín wọn là gbàgà. Ariwo kùn-ùn tó kó jọ yẹn ni kò jẹ́ kí gítà kún láti ọjọ́ yìí, Májókòó fúnra rẹ̀ ló sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ rọ ọ́ sí i. Nígbà tí orin dé ibi tí gbogbo wọn ti jọ wọlé, ó ba ènìyàn láyà gbì. Omi bọ́ lójú Ọ̀fun. Ó di Májókòó mọ́ra, ó gbá a lẹ́yìn.

"O kun," ló wí. "Oga, o dara. A gba a."

"Ẹ jẹ́ n tún apá òsì wò díẹ̀..." Ọwọ́ Májókòó ti ń lọ. Ọ̀fun gbá ọrùn ọwọ́ náà mú. Ó ní kó kó orin náà sí fíláàṣì bó ṣe wà yẹn, ó sì dúró tì í títí tó fi kó o tán. Ó yọ fíláàṣì náà, ó tì í sínú àpò, ó fi ọwọ́ lé àpò náà lórí, ó sì bọ́ sóde.

Májókòó jó dé pálọ̀. "Wọ́n gbà á! Wọ́n gbà á! Ìyàwó mi, wọ́n gbà á!"

"Ẹ kú oríire," ni ìyàwó rẹ̀ wí. Ó ti padà sídìí máṣíìnì. "Inú mi dùn fún yín, mi ò purọ́. Yàrá ti di tiyín."

Ó ti àwo ọ̀sán sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fa aṣọ bọ abẹ́ abẹ́rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ran. Tábìlì náà sún mọ́ ògiri jù, kò lè na ìgúnpá òsì rẹ̀, ńṣe ló ká a mọ́ra bí ẹni tí wọ́n so. Májókòó dúró. Kò mọ̀ bóyá ìyàwó òun ti máa ń jókòó bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ti máa jókòó bẹ́ẹ̀. Ijó kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Láti ìgbà tí iṣẹ́ ti dé ló ti ń sáré kí wọ́n má baà borí òun, kò bi ara rẹ̀ léèrè rí ẹni tí òun ń bá díje. Ìyàwó rẹ̀ mà ni. Obìnrin yìí ló fìdí rẹmi nínú ilé yìí lónìí, òun ló sì ń kí i kú oríire. Ìtìjú bá a, ó mú un gan-an.

"Gbé máṣíìnì rẹ wá sí yàrá," ló wí.

"Rárá o. Àdéhùn ni àdéhùn. Ẹ ti borí."

"Mo mọ̀ pé mo borí. Gbé e wá. A ó máa pín àkókò. Bí oníbàárà rẹ bá wà, mi ò ní í tan nǹkan kan."

Obìnrin náà dáwọ́ dúró. Ó gbójú sókè wò ó, kò bínú, kò rẹ́rìn-ín. "Òní lẹ sọ bẹ́ẹ̀, bàbá ọmọ mi. Ṣé ẹ ò ní í yí i padà lọ́la?"

 Kò sí ìlérí tí Májókòó lè ṣe tí obìnrin yìí kò tíì gbọ́ rí, nígbà fọ́tò, nígbà fóònù, nígbà adìẹ.  Ó wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì náà, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń dúró dè é. Ìyàwó rẹ̀ padà sídìí aṣọ rẹ̀. Ó ran apá kan tán, ó yí i, ó ran èkejì. Ẹnì kan pe Májókòó láti ìta, kò dáhùn. Fóònù rẹ̀ dún nínú yàrá, kò lọ gbé e. Obìnrin náà ran ọrùn aṣọ náà parí, ó fi eyín já òwú, ó ká aṣọ náà sórí àga. Nígbà tó gbójú sókè, ọkọ rẹ̀ ṣì dúró síbi tó dúró sí.

Obìnrin náà dìde, ó ká wáyà máṣíìnì náà kúrò nílẹ̀.

"Ẹ rọra gbé e o," ló wí. "Ó wúwo."